Ọwọ́ Tó Ń Tẹ Oríkèé Wò

Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, nínípọn rẹ̀ kò tó 2. Ó funfun, ó ń dán, ó tutù lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó jẹ́ lè gbá a dànù mọ́ ìdọ̀tí orí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹni tó gé e kúrò lórí eegun orúnkún màlúù ti lo odidi àárọ̀ lórí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó gbé e síwájú ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá sì gé e wọ́, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, irọ́ ni.

Káátílééjì ni wọ́n ń pè é: egungun rírọ̀ tó bo orí eegun wa níbi tí eegun méjì ti pàdé, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Ìbátan bisikíìtì bóònù tí à ń rún nínú ọbẹ̀ ni, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ̀kan yìí lọ́wọ́ le ju ti ìyẹn lọ. Orúnkún ẹni tó ń rìn lásán, tí kò sáré, tí kò rẹrù, ń gba ẹrù tó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ara olúwarẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Káátílééjì tí kò nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ ló wà láàárín. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tó ń dìde nílẹ̀ tó di orúnkún mú, tó ń ṣépè fún làkúrègbé, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti wo iṣẹ́ náà ni Philadelphia, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nínú Yunifásítì Pennsylvania, ibùdó kan wà tí wọ́n ń pè ní Penn Center for Musculoskeletal Disorders. Láti ọdún 2006 ni NIH, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sórí ìwádìí ìlera, ti ń gbé e ró. Yàrá iṣẹ́ mẹ́ta ló pín sí: ọ̀kan ń ya àwòrán inú eegun, ọ̀kan ń gé ẹran ara wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti fi maikirosíkópù wò ó, ọ̀kan ń dán agbára wò. Àjùmọ̀lò ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń wádìí èjìká eku, ẹni tó ń wádìí orúnkún ẹlẹ́dẹ̀, oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà tuntun tó fi ń rán iṣan lè dúró, kò sí èyí tó ní láti lọ ra ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú wọn. Wọ́n á gbé ohun tí wọ́n ní wá, àwọn tó mọ ẹ̀rọ á gbà á lọ́wọ́ wọn, tàbí kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ púpọ̀. Owó ló ń ra ẹ̀rọ. Ọwọ́ tó ń gbé nǹkan síwájú ẹ̀rọ ni mo fẹ́ kí a wò, nítorí ọwọ́ yẹn ló ń pinnu bóyá iye tó jáde ṣeé gbà gbọ́.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé káátílééjì tó bàjẹ́ kì í san. Ní 1743, William Hunter, ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní London, kọ ìwé kan fún Royal Society nípa bí káátílééjì ṣe rí àti àrùn tó ń bá a, kò sì fún ẹni tí tirẹ̀ bá ti jẹ ní ìrètí kankan. Ìdí rẹ̀ kò fara sin mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú rẹ̀, kò ní iṣan ìmọ̀lára, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì jìnnà síra. Bó bá ya, kò sí ẹni tí yóò wá ṣàtúnṣe. Àfi ìgbà tó di 1994 tí Mats Brittberg, Lars Peterson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Gothenburg, lórílẹ̀-èdè Sweden, ròyìn àwọn aláìsàn 23 tí wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì káátílééjì láti ara àwọn fúnra wọn, tí wọ́n tọ́ ọ ní láàbù, tí wọ́n sì dá a padà sínú orúnkún wọn. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ híhu káátílééjì ti gbilẹ̀ káàkiri ayé, ìbéèrè kan náà ló sì ń dúró de gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà: èyí tí ẹ hù yìí, ṣé ó lè gbé ẹrù? Ojú lásán kò lè dáhùn. Nǹkan lè funfun, kó máa dán, kó jọ ti àdánidá délẹ̀délẹ̀, kó sì jẹ́ pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò fọ́ ọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn nìkan ló kù.

Àmọ́ títẹ̀ nǹkan yìí kò rọrùn, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú gíráàmù 100 káátílééjì, omi á tó 65 sí 80. Okùn kọ́lájìn ló pọ̀ jù nínú èyí tó kù, pẹ̀lú àwọn èròjà kan tó fẹ́ràn omi, tí wọ́n ń fà á mọ́ra, tí kì í fẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá ti dúró sílé gàrí rí ti rí bó ṣe ń ṣe. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi jáàkì tẹ àpò ẹ̀gẹ́ rírin, àpò náà á le koránkorán, nítorí omi inú rẹ̀ ni gbogbo ẹrù wà lórí rẹ̀. Ojú àpò kéré, omi ò tètè ráyè sá. Díẹ̀díẹ̀ ni omi á máa jò. Jáàkì tó le lẹ́ẹ̀kan á wá dẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án, ẹni tó ni ẹ̀gẹ́ á sì padà wá yí i sí i. Nígbà tí omi bá tán, ẹ̀gẹ́ gan-an ló kù tó ń dá ẹrù náà gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni káátílééjì, bí ẹ bá yọ ti pé òun máa ń fa omi rẹ̀ padà tí wọ́n bá gbé ẹrù kúrò. Gerard Ateshian ní Yunifásítì Columbia àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wọn omi náà, wọ́n sì rí i pé lójú ẹsẹ̀ tí ẹrù bá dé, òun nìkan lè gbé ju ìdá 90 nínú 100 lọ.

Van Mow, pẹ̀lú Kuei, Lai àti Armstrong, ló sọ ọ́ di ìṣirò ní 1980, ní Rensselaer Polytechnic Institute ní ìlú Troy, New York. Wọ́n ní kí a ka káátílééjì sí ohun méjì tó ń gbé pọ̀: ohun líle tó ní ihò wẹ́wẹ́, àti omi tó ń gba inú ihò náà kọjá. Nígbà tó yá, Mow kó lọ sí Columbia. Louis Soslowsky, tó wá ṣáájú ibùdó Philadelphia yìí, abẹ́ Mow ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Robert Mauck, tó ń hu káátílééjì ní Philadelphia, Columbia ni òun náà ti kọ́ṣẹ́. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ àfọwọ́kọ́ ni, ó sì ní ìran. Ohun tí ìwé kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tó pọ̀, ẹnì kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan tó fi hàn án.

Ọjọ́ ìdánwò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún màlúù láti odò ẹran. Wọ́n á bó ẹran àti iṣan kúrò, wọ́n á rọra la àpò tó yí oríkèé ká, omi oríkèé á ṣàn jáde, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, atẹ́gùn ti di ọ̀tá. Káátílééjì tó gbẹ ti pàdánù ohun tó fi ń gbé ẹrù gan-an. Nítorí náà, gọ́ọ̀sì tí wọ́n rẹ sínú omi oníyọ̀ kì í kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì ti po oògùn tí kì í jẹ́ kó máa jẹrà mọ́ omi ọ̀hún. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rẹ ẹ́ nígbà tó bá rí i pé ó ń gbẹ. Ọ̀gá kì í jẹ́ kó débẹ̀: bí dídán ojú rẹ̀ bá ti kú, ó ti pẹ́ jù lójú tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni tàdáwà dúdú, èyí tí wọ́n ń pè ní India ink. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, wọ́n á fi omi ṣan án. Ibi tó dára kì í di tàdáwà mú. Ibi tó ti ha, tó ti sán, tàdáwà á jókòó síbẹ̀, ojú á sì rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Wọn ò ní gé ibẹ̀. Bí wọ́n bá tún fẹ́ mọ ọ̀nà tí àwọn okùn kọ́lájìn ojú rẹ̀ kọrí sí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n tì bọ tàdáwà ni wọ́n á fi gún un wò. Abẹ́rẹ́ yí roboto, àmọ́ ojú tó ń lu kì í ṣe roboto. Ìlà tóóró ló máa ń là, ìlà náà á sì tọ ọ̀nà okùn. Hultkrantz, ọmọ Sweden, ti fi èyí hàn láti 1898. Wọ́n ṣì ń lò ó, kò sì sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Gígé gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró wò. Irin tí wọ́n fi ń gé e ṣófo nínú, ẹnu rẹ̀ yí roboto, ó sì mú gan-an. Orí eegun itan lórúnkún kò tẹ́. Ó yí, ó ń dagẹ̀rẹ̀ sọ́tùn-ún àti sísàlẹ̀. Irin náà sì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán sí ojú ibi tó fẹ́ gé, ì báà dagẹ̀rẹ̀ sí tábìlì. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń wo irin. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń tẹ̀ ba kí ojú rẹ̀ lè bá ojú káátílééjì dọ́gba. Á fi ẹnu irin kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, á gbé e sókè, á wo ìlà roboto tó yọ. Bí apá kan ìlà náà bá jìn ju ìkejì lọ, irin wọ́ nìyẹn, á tún un gbé. Ìgbà tí ìlà bá dọ́gba yíká ni á tó yí irin wọlé. Kì í tì í. Títì máa ń fún káátílééjì, tó bá fi irin sílẹ̀ á wú padà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì tẹ̀ sínú láàárín. Yíyí ló ń yí i, pẹ̀lú sùúrù, títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ pé òun ti kan eegun.

Lẹ́yìn tí abẹ bá ti gé e kúrò lórí eegun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rí kángunkàngun. Wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ tó ń dì nǹkan bíi yìnyín, ọ̀bẹ ẹ̀rọ á máa fá ìsàlẹ̀ náà títí yóò fi tẹ́. Ìsàlẹ̀ nìkan. Ojú òkè jẹ́ èèwọ̀, nítorí káátílééjì kì í ṣe bákan náà látòkè délẹ̀: lójú rẹ̀, àwọn okùn sùn lọ gbalaja, nínú ìjìnlẹ̀ rẹ̀, wọ́n dìde dúró sí eegun. Ẹni tó bá fá ojú òkè díẹ̀ kí ó lè tẹ́ dáadáa ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, iye tó bá sì rí kò ní bá ti ẹlòmíràn mu. Mo rò pé ìkóra-ẹni-níjàánu yìí ló ṣòro jù fún ẹni tó fẹ́ràn ohun tó gún régé. Ojú òkè á dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kò burú, ẹ fi sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Ó wá ku wíwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ibí ni ẹ ó ti rí ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó báyìí. Líle tí wọ́n ń wá, agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń pín fún bó ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á sì tún fi bó ṣe sún kì wé bó ṣe nípọn tó. Bí káátílééjì bá nípọn tó mìlímítà 1.5, tí ẹ fi 0.15 ṣì í wọ̀n, líle tí ẹ ó kọ sílẹ̀ ti fi ìdá 10 nínú 100 yẹ̀. Ti fífẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìlọ́po ara rẹ̀ ni wọ́n ń lò: bí irin bá jẹ́ 4 àmọ́ tí ohun tó gé jáde jẹ́ 3.8, ìdá 10 mìíràn ti lọ. Ohun tí ojú kò lè rí lórí tábìlì nìyẹn o. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnì kan lè ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lórí oògùn tó fi ìdá 15 mú káátílééjì le sí i. Àṣìṣe ọwọ́ lè gbé e mì, tàbí kó dá irú rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò ti sí. Òṣùwọ̀n tó ń fi ẹnu méjì gbá nǹkan mú kò sì wúlò níhìn-ín, torí á ti fún ohun rírọ̀ náà pọ̀ kó tó kà á. Ìmọ́lẹ̀ tàbí kámẹ́rà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ohun tí kò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò nira láti ṣàpèjúwe. Abọ́ kan wà tó kún fún omi oníyọ̀. Pẹpẹ dídán kan wà nísàlẹ̀ abọ́, irin pẹlẹbẹ mìíràn ń bọ̀ látòkè, òṣùwọ̀n agbára sì wà lẹ́yìn irin náà. Ẹ gbé káátílééjì sáàárín, ẹ ní kí irin máa sọ̀ kalẹ̀. Ta ló máa wá sọ fún irin náà pé ibí yìí gan-an lo ti kàn án? Ìbéèrè tó dà bí eré ọmọdé ni, òun ló sì ń ya ẹni tó mọṣẹ́ sọ́tọ̀. Omi máa ń tan òṣùwọ̀n jẹ. Bí irin bá ń fara kan ojú omi, omi á fà á, òṣùwọ̀n á ka agbára tí kì í ṣe ti káátílééjì rárá. Nítorí náà, wọ́n á ri irin sínú omi tán kí wọ́n tó dá òṣùwọ̀n padà sí òdo, wọ́n á sì tẹ̀ ba wò ó bóyá atẹ́gùn há sábẹ́ irin. Nígbà náà ni irin á máa sọ̀ kalẹ̀ tíntín tíntín, títí iye orí kọ̀ǹpútà á fi kọ́kọ́ mira.

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí Mauck àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde, ètò rẹ̀ rí báyìí. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ẹrù tíntín, gíráàmù 2, lé e, wọ́n á fún un ní ìṣẹ́jú 5 kó fi jókòó dáadáa. Wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kì tó ìdá 10 nínú 100 nínípọn rẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rùn tó jẹ́ pé títẹ̀ náà nìkan á gba ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Wọ́n á di irin mú síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 1000. Ìyẹn lé ní ìṣẹ́jú 16, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ojú rí, àfi ìlà kan lórí kọ̀ǹpútà tó gùn lọ sókè tó ń rọra rọ̀ sílẹ̀ bí omi ṣe ń jò lọ. Ibi tí ìlà náà bá ti tẹ́, líle ohun líle inú rẹ̀ nìyẹn. Fún káátílééjì tó péye, kì í ju nǹkan bí ìdajì megapascal (òṣùwọ̀n líle) sí ọ̀kan lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ẹni tó ń rìn. Omi ò ní ráyè sá mọ́, líle rẹ̀ á sì fò sókè, ó lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti àkọ́kọ́.

Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ lásìkò yìí kò sùn. Ó ń ka ìlà náà. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá fà gùn, tí agbára kò tètè gòkè, ó ṣeé ṣe kí káátílééjì wọ́, kó jẹ́ pé apá kan rẹ̀ nìkan ni irin ń kàn. Bí ìlà bá ń rọ̀ tí kò fẹ́ tẹ́ rárá, ó lè jẹ́ pé irin ń yẹ̀, tàbí kí ohun tó wà nínú abọ́ ti máa bàjẹ́. Bó bá ń gbọ̀n gìrìgìrì, á wo bóyá ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tí kọ̀ǹpútà yóò sọ fún un nínú wọn. Kọ̀ǹpútà á gba gbogbo rẹ̀, á sì ṣírò líle rẹ̀ dé ẹsẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá, pẹ̀lú ìgboyà.

Ti eku yàtọ̀. Káátílééjì orúnkún eku tín-ín-rín débi pé kò sí irin tó lè gé e jáde. Lin Han, ní Yunifásítì Drexel tó múlé ti Yunifásítì Pennsylvania, ń fi ọ̀pá tín-ín-rín tó ní ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́nu, ìlẹ̀kẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, tẹ̀ ẹ́ lójú eegun níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ọjọ́ mìíràn ni ti ìyẹn.

Odidi oríkèé ni iṣẹ́ kejì tó ń mú mi lójú. Ìlú Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania kan náà, ni Savio Woo àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi róbọ́ọ̀tì di orúnkún ènìyàn mú láti àwọn ọdún 1990. Orúnkún àwọn tó ti fi ara wọn sílẹ̀ fún ìmọ̀ kí wọ́n tó kú ni, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bu sìmẹ́ńtì olóògùn yí eegun itan àti eegun ojúgun ká nínú páìpù, kí róbọ́ọ̀tì lè dì wọ́n mú láìmì. Bí eegun bá dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì kó tó gan, orúnkún á máa tẹ̀ ní ọ̀nà tí kò tẹ̀ rí nígbà ayé ẹni tó ni ín, nítorí náà ẹni méjì ló ń ṣe é: ẹnì kan á di eegun mú, ìkejì á máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, róbọ́ọ̀tì á tẹ orúnkún, á sì há ipa tó rìn sórí. Wọ́n á gé iṣan kan ṣoṣo kúrò. Róbọ́ọ̀tì á tún rìn ní ipa kan náà gan-an. Iye agbára tó dín kù sí ti tẹ́lẹ̀, iṣan tí wọ́n gé yẹn ló ń gbé e. Mi ò tíì rí ọgbọ́n tó mọ́ tónítóní tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Nínú ìwé tí Woo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1991, iṣan àárín orúnkún tí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń já, láti ara àwọn tó wà láàárín ọdún 22 sí 35, gba agbára tó tó newton 2160 kó tó já. Ẹrù kílógíráàmù 220 nìyẹn.

Mo ní kí n padà sórí ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò, torí ó ní ìnira tirẹ̀ tí àwọn tó ń yin ẹ̀rọ kì í dárúkọ. Nínú láàbù ẹni, bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, tiyín ni. Ní ibùdó àjùmọ̀lò, ohun tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n tọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí káátílééjì tuntun lè gbó lára rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè lọ ra òmíràn lọ́jà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa gé e. Ìdí nìyẹn tí ìjíròrò fi ń ṣáájú abẹ. Kí lẹ fẹ́ mọ̀? Ẹ̀yà wo lẹ fẹ́ fi wé èwo? Ṣé ẹ ti ya àwòrán rẹ̀ ná? Àwòrán ló ń kọ́kọ́ wáyé, torí kì í ba nǹkan jẹ́. Títẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Gígé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló kẹ́yìn, níbi tí aró pupa Safranin O á ti fi hàn bóyá àwọn èròjà tó ń fa omi mọ́ra ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dojú ètò yìí rú lè pàdánù ìdá méjì nínú mẹ́ta ìdáhùn rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ rere níbẹ̀ kì í sì í fẹ́ mọ èyí tí wọ́n fún lóògùn àti èyí tí wọn ò fún. Nọ́ńbà nìkan ni kí wọ́n kọ sí ara ìgò. Bí ó bá mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè ṣojúsàájú láìmọ̀, níbi tó ti ń yan ìgbà tí irin kan káátílééjì. Ó máa ń gbé ẹrù tí wọ́n ti mọ ìwúwo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n wò kó tó gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ó lè dá a lójú pé òṣùwọ̀n ò parọ́. Nígbà mìíràn, òun ló máa sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé nǹkan tẹ́ ẹ gbé wá yìí ti gbẹ, mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Ó gba àyà. Mo ka irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gan-an.

Kí ni wọ́n wá ń rí gbà? Nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde, gbólóhùn kan tàbí méjì ni gbogbo àárọ̀ yẹn máa ń dà: wọ́n gé e ní mìlímítà 4, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìdá 10. Àjọ tó ń náwó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn oníwádìí pé kí wọ́n dárúkọ ibùdó náà àti nọ́ńbà owó ìrànwọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé. Orúkọ ẹni tó di irin mú ò pọn dandan. Lójú tèmi, ìyẹn kò dára, àbùkù rẹ̀ sì kọjá ti ọlá ẹnì kan: ìwé méjì lè fún káátílééjì kan náà ní líle tó jìnnà síra, tí ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀ bóyá ẹran ló yàtọ̀ tàbí ọwọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìṣègùn, bí ẹ bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ lọ sórí iye tó wà lójú gíráàfù. Ẹ wá gbólóhùn tó sọ bí wọ́n ṣe wọn nínípọn rẹ̀. Bẹ́ ò bá rí i, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó kọ ìwé náà, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè.